Agbẹnusọ fún Orogún Méjì: Ìrìn-àjò Mi sí Ẹ̀gùá Nígbà Tí Bọ́dà Wà ní Títì

Ẹ̀yin ará Ìgbẹ̀mọ tí ẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé báwo ni ìlú bọ́dà ti rí, mo ti pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ kì í jẹ́ kí n parí, ẹ̀rín lẹ fi ń gé e. Ẹ jókòó kà á báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìwé kò ní bínú sí i.

Ohun tó gbé mi lọ nìyí. Fẹ́mi, àbúrò mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ẹ̀gùá, ó sì ń ran ìjọ kékeré kan lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìjọ náà fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún àwọn onígbàgbọ́ titun, ó wá ní kí n wá fi ẹ̀kọ́ díẹ̀ múra wọn sílẹ̀, nítorí gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mo ń darí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa nílé níbí. Ó bi mí lórí fóònù pé ẹ̀kọ́ wo ni mo fẹ́ kọ́ wọn.

Mo ní, "Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Dàgbà Nípa Fífetísílẹ̀."

Fẹ́mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

ÌRẸSÌ OLÓKÙÚTA

A kì í mú ọwọ́ òfo lọ sílé àbúrò. Mo bu ìrẹsì tiwa tí a gbìn nílé sínú àpò. Àpò kan ṣoṣo tí mo rí ni èyí tí ìrẹsì òkèèrè ti wà nínú rẹ̀ rí, tó ní àwòrán ẹyẹ ńlá kan lára àti lẹ́tà tí n kò lè kà. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo di í lẹ́nu, mo gbé e sọ́kọ̀.

Ọdún tí ìjọba ní kí ọjà kankan má gba ilẹ̀ Benin wọlé mọ́ ni, ìrẹsì sì ni olórí ohun tí wọ́n ń wá kiri. Bí a ṣe fi Ayétòrò sẹ́yìn báyìí, ojú ọ̀nà di ti aṣọ́bodè. Wọ́n fi igi dábùú títì, wọ́n jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀kan tó ga bí igi àgbọn dìde, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí ẹyẹ tó wà lára àpò mi.

"Ta ló ni ìrẹsì yìí?"

"Èmi ni o!" Inú mi dùn pé ó bèèrè. "Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá. Irú ìrẹsì yìí, ẹ kò lè rí i rà ní gbogbo agbègbè yìí."

Gbogbo èrò ọkọ̀ ṣe "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà.

"A kò lè rí i rà." Aṣọ́bodè náà rọra tún un sọ. "Níbo ló ti wá?"

"Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọ̀gá. Ó jìn gan-an ni."

Dírẹ́bà gbé orí lé orí sítíárì. "Bàbá," ó ní, "ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ dákẹ́."

N kò dákẹ́. Mo ń ṣàlàyé bí a ṣe ń bọ̀ ọ́, bí a ṣe ń sá a, bí òórùn rẹ̀ ṣe ń wọ ilé onílé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni àwọn aṣọ́bodè ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló ń dùn mọ́ wọn. Ìyá kan tó ń ta ata, tó jókòó tì mí, ló gba gbogbo wa sílẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ bù ú sẹ́nu."

Ọkùnrin gíga náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sẹ́nu, ó ń rún un. Kàrà, kàrà, kàrà. Lójijì, kẹ́ẹ̀! Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó tu òkúta kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí, ó fi han àwọn yòókù.

"Òkúta," ó ní. "Ìrẹsì ilé wa ni. Ẹ máa lọ."

Níbi tí wọ́n tún ti dá wa dúró lẹ́yìn náà, dírẹ́bà kò jẹ́ kí n lanu. Òun fúnra rẹ̀ ló pariwo láti òkèèrè pé, "Ìrẹsì olókùúta ni o, ẹ tọ́ ọ wò!" Wọ́n tọ́ ọ wò. A tún fi eyín ẹlòmíì kọjá.

Nígbà tí ìyá aláta fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìgbógìlà, ó wo ojú mi dáadáa. Ó ní, "Bàbá, wọ́n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ dáhùn mẹ́wàá, èyí tí wọ́n bi yín kò sì sí níbẹ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

MO Ń KÍ GBOGBO ÌLÚ

Ará Ẹ̀gùá mọ àlejò í gbà. Wọn kò ní bi ọ́ ní ohun tó o wá ṣe. Omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè ilé, ọ̀nà, ìyàwó, ọmọ, títí dé orí ewúrẹ́ tó o fi sílẹ̀ nílé. Ìlú náà dákẹ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ilé epo tó bá súnmọ́ bọ́dà kò rí epo gbà nígbà náà, nítorí náà àwọn ọlọ́kadà tẹ́ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń ta ayò. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń rìn.

Nígbà tí mo wọ agbo ilé tí Fẹ́mi ń gbé, mo kí wọn bí a ṣe ń kí nílé wa: "Ẹ kú ulé o!" Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ulé?" Èkejì ní, "Ulé ni wọ́n ní." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, "Bàbá Ulé ń lọ." Mo jẹ́ ọmọ Yorùbá láàrin ọmọ Yorùbá, síbẹ̀ àlejò pátápátá ni mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo ń yára lọ lójú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́. Màmá arúgbó kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Dúsúmà, Bàbá, dúsúmà!"

Mo ní kíkí ibẹ̀ nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ dúsúmà o, mà!" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Inú mi dùn pé mo ti kọ́ kíkí ìlú, mo wá ń fi kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Mo kí káfíńtà tó ń kan ìṣó: "Ẹ dúsúmà o!" Ó dá òòlù dúró, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kàn án. Mo kí ìyàwó titun kan tó ń gún ata. Mo kí ọkùnrin kan tó ń sáré lé àgùntàn rẹ̀. Ìyẹn dúró, ó ní, "Báwo?" Àgùntàn sì lọ.

Nígbà tó ṣe, Fẹ́mi fà mí sẹ́yìn ilé. "Ẹ̀gbọ́n mi, èdè Faransé ni dúsúmà. Àwọn tó ń ná ọjà ìhà ọ̀hún ló gbé e wálé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹ rọra. Ẹ fẹ́ ṣubú sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni Màmá yẹn ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà náà lẹ ti ń sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n rọra."

"Kí ló dé tí o kò tètè sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."

EWÚRẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Abẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá déédéé. Ẹni tó tún ń wá déédéé tí a kò pè ni Alhaji Ràímì, aládùúgbò ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹja yìnyín ni Alhaji ń tà kí wọ́n tó ti bọ́dà. Fírísà rẹ̀ ti di àpótí tí wọ́n ń kó gàrí sí, òun náà sì ti di ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe, ni ó bá ń gbé àga rẹ̀ wá sí ìdí ògiri. Ó ní òun kò wá gba Jésù o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló dára. Ohun tó ń dùn ún jù lọ nínú ọ̀ràn bọ́dà ni búrẹ́dì gígùn ìhà ọ̀hún, èyí tó rí bí igi ìdáná. "Mo lè fara da àìsí ẹja," ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n búrẹ́dì yẹn, Tíṣà! Ó ń dún lẹ́nu bí ewé gbígbẹ."

Ní ti oúnjẹ, lafún ni wọ́n fi ń ṣe mí lálejò, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ń fà bí okùn. Ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ mọ ohun tí iyán jẹ́ sí wa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọjọ́ kan gbáko ṣàlàyé iyán fún ìyàwó Fẹ́mi. Ó gbọ́ títí, ó ní, "Ẹ kú àlàyé, sà," ó sì tún gbé lafún wá.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo wọ inú ẹ̀kọ́ náà gan-an. Mo ní ẹni tí kò bá gbọ́ kò lè dàgbà. Mo ní Ọlọ́run máa ń ti ẹnu ẹni tí a kò kà kún bá wa sọ̀rọ̀. Arábìnrin kan níwájú na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ewú..."

"Ìbéèrè tó dára!" mo ní. "Ewu wà nínú àìgbọ́ràn. Ewu ńlá!" Mo ka ewu náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tún na ọwọ́. "Sà, ewúrẹ́..."

"A óò dé orí àgùntàn àti ewúrẹ́, má kánjú, ẹ̀kọ́ ọ̀la nìyẹn."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹnu. Mo rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn. Alhaji Ràímì ló dìde níkẹyìn láti ìdí ògiri.

"Tíṣà," ó ní, "ọ̀rọ̀ yín dùn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n arábìnrin yìí ń gbìyànjú láti sọ fún yín pé ewúrẹ́ ń jẹ ìwé yín ni."

Mo yíjú sẹ́yìn. Ewúrẹ́ aláwọ̀ dúdú kan gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé tábìlì. Gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ mi, tí mo fi oṣù púpọ̀ kọ, ni ó ti jẹ tán, ìdajì ojú ewé tó kẹ́yìn ló ń fì lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, ó ń jẹnu lọ. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀gùá, n kò rò pé ẹnì kankan gba ọ̀rọ̀ mi sínú tó ewúrẹ́ yẹn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alhaji fi fi ẹ̀yìn ti ògiri. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni arábìnrin yẹn ti lanu.

ÒKÈ ÒKUN NÍDÌÍ IGI KASÚ

Nígbà tí kò sí ìwé mọ́, Fẹ́mi ní kí n bá òun lọ kí ẹnì kan. Ó ní ìyá kan wà ní abúlé tó wà lẹ́yìn bọ́dà, Ìyá Bọ̀sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, tó ti gba Jésù gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì tíì ṣe ìrìbọmi. Oníwàásù tó bá ti lọ bá a, ìbéèrè kan ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀: "Bí mo bá wọ inú omi yẹn..." Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ òpin rẹ̀.

"Wọ́n á ti dá a lóhùn," Fẹ́mi ní. "Ọ̀kan ní kò ní rì. Òmíì ní òtútù kò ní mú un. Èmi náà ní odò náà kò jìn, pé ó kàn tutù díẹ̀ ni. Bí a bá ti dáhùn báyìí, á ní 'Ó dáa,' á wọlé lọ."

Mo ṣèlérí pé màá pa ẹnu mi mọ́. Alhaji Ràímì, tó gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ló mú orógbó wá fún mi. Ó ní, "Bí ẹnu bá ti ń yún yín, ẹ fi eléyìí dí i."

A fi ẹsẹ̀ rìn láàrin oko ẹ̀gẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún òkè òkun. Mo wọ bàtà mi tó dára, mo fọ̀ ọ́ kí n tó kúrò nílé. Níbi àtíbàbà kan, ẹ̀ṣọ́ kan bi wá ní ohun tí a gbé. A fi ọwọ́ òfo hàn án. Ẹrù ló ń ṣọ́, kò wo ẹsẹ̀ ènìyàn. A ń rìn lọ, mo ń wo iwájú. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Fẹ́mi, ìgbà wo la máa dé ilẹ̀ Benin?"

"A ti dé ibẹ̀ tipẹ́. Ẹ rántí igi kasú tí ẹ tọ̀ sí nídìí?"

"Igi kasú yẹn?"

"Ibẹ̀ ni bọ́dà."

Bí mo ṣe wọ òkè òkun nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́hùn-ún kò yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́ tó wà níhìn-ín, adìẹ ibẹ̀ kò sì mọ Faransé.

Ìyá Bọ̀sẹ̀dé ń gbé pẹ̀lú orogún rẹ̀, Ìyá Múfú, nínú ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn nígbà tó kú. Ìyá Múfú jẹ́ Mùsùlùmí. Ọkọ wọn ní tirẹ̀ kò yan ọ̀kan: ó ń jẹ ọdún Kérésì, ó ń jẹ Iléyá, ó sì ń jẹ ohun tó bá wà láàrin. Bí a ṣe jókòó, Ìyá Bọ̀sẹ̀dé gbé omi wá. Kí n tó mu ún, Ìyá Múfú gbé tirẹ̀ náà wá. Mo mu méjèèjì. Ìyá Bọ̀sẹ̀dé gbé lafún wá. Ìyá Múfú gbé lafún wá. Ilé ìdáná kan, ààrò méjì, ìkòkò méjì. Wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Mo bù lọ́tùn-ún, mo bù lósì, mo ń ṣọ́ra kí òkèlè ẹ̀gbẹ́ kan má tóbi ju ti èkejì lọ. Nígbà tí mo parí, ikùn mi le bí awọ bọ́ọ̀lù, n kò sì tíì gbọ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan.

"SỌ FÚN UN"

Ìyá Bọ̀sẹ̀dé nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ẹ mọ̀wé. Bí mo bá wọ inú omi yẹn..."

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Ìdáhùn méje ló sáré dé etí ètè mi. Mo ju orógbó sẹ́nu, mo gé e jẹ. Ó korò. Mo ń wò ó, ó ń wò mí. Adìẹ kan gba àárín wa kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kò ní dáhùn ni?" ó ní.

"Ẹ kò tíì parí, mà."

Ó yíjú sí Fẹ́mi. "Kí ló ṣe èyí? Ṣé ara rẹ̀ yá?"

Fẹ́mi ní ara mi yá. Màmá tún ìjókòó ṣe. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún nígbà tí kò retí rẹ̀. Ó wá rọra sọ ọ́ tán: "Bí mo bá wọ inú omi yẹn, ṣé dandan ni kí n dárí ji obìnrin yìí?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Ìyá Múfú. "Bó bá jẹ́ dandan, ẹ sọ fún mi kí n tó lọ ra aṣọ funfun."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo ní ìwàásù odindi wákàtí kan lórí ìdáríjì. Mo gé orógbó. Mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún yín, mà?"

"Ẹ bi í."

Ìyá Múfú dáhùn láti ibi tó jókòó sí, tí kò ju apá kan lọ sí orogún rẹ̀: "Ẹ sọ fún un pé òun tí inú ń bí ni kí ó sọ ọ́."

Mo yíjú. "Mà, wọ́n ní..."

"Mo gbọ́. Ẹ sọ fún un pé ó mọ ohun tó ṣe."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà mọ́. Ọmọ, aládùúgbò, àlejò, ẹni tó bá wà nítòsí ni wọ́n fi ń ṣe agbẹnusọ. Bí kò bá sí ènìyàn, wọ́n á bá ewúrẹ́ sọ ọ́. Iṣẹ́ náà wá kàn mí. N kò sì mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí mo ń fi iyọ̀ tèmi sí i.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀dé ní inú àwọn bàjẹ́..."

"Mi ò ní inú mi bàjẹ́! Mo ní inú mi ń ta. Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Ìyá Múfú ní kí ẹ jọ̀ọ́..."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo ní kí ó gbọ́. Ẹ fi 'ẹ jọ̀ọ́' yẹn sápò."

Mo làágùn gidigidi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ṣòro láti gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láti ibì kan dé ibì kejì láìjẹ́ kí ó dànù. N kò ráyè múra èsì mi sílẹ̀. Bí mo bá ronú lórí ohun tí èmi fẹ́ sọ fún ìṣẹ́jú kan, tiwọn á ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe jáde. Ìyá Bọ̀sẹ̀dé ní, "Ẹ sọ fún un pé mo ti oko dé lọ́jọ́ náà, ẹ̀gẹ́ wà lórí mi. Ó sọ̀ mí. Ó gbé oúnjẹ fún mi. Ó jókòó tì mí, ó ń béèrè oko, mo sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ti kú! Ó mọ̀! Ó jẹ́ kí n jẹun títí mo fi lá ọwọ́. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ bi í, irú ọkàn wo nìyẹn?"

Mo gbé e lọ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Múfú ń fi ìka fa ilẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé láti àárọ̀ ni kò tíì jẹun. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá gbọ́, oúnjẹ kò ní kan ẹnu rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ní kí ó jẹ ti ọjọ́ náà ná. Èmi nìkan gbé ọ̀rọ̀ náà sínú títí ó fi jẹun tán. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un lẹ́yìn náà, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi."

Mo yíjú sí Ìyá Bọ̀sẹ̀dé. Mo lanu láti gbé e lọ bó ṣe wà.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́," Màmá ní. "Mo gbọ́."

Fẹ́mi ń wo òrùlé. Ìyá Bọ̀sẹ̀dé yí ara padà díẹ̀díẹ̀, ó wo orogún rẹ̀ lójú.

"Ọbẹ̀ ọjọ́ náà kò níyọ̀," ó ní.

Ìyá Múfú gbé orí sókè. "Iyọ̀ tán nílé."

"O kò lè yá lẹ́yìnkùlé?"

"Ọkọ mi kú, kí n máa yá iyọ̀ kiri?"

"Ọkọ wa."

"Ọkọ wa," Ìyá Múfú ní, ó sì fi etí ìborùn nu ojú.

Ìjà iyọ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jà á lójúkojú, ohùn ń lọ sókè, wọ́n ń fa ara wọn létí aṣọ, wọ́n ti gbàgbé pé àlejò wà nílé. Nígbà tó ṣe, mo rántí iṣẹ́ tó gbé mi wá. Mo ní, "Màmá, ìbéèrè yín ńkọ́?"

"Ìbéèrè wo?" ó ní.

INÚ ODÒ

Ní ọjọ́ ìrìbọmi, Ìyá Bọ̀sẹ̀dé fi ẹsẹ̀ wá, Ìyá Múfú tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ abẹ́ àtíbàbà bi wọ́n bó ṣe ń bi gbogbo ènìyàn: "Kí lẹ gbé?"

Ìyá Bọ̀sẹ̀dé ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo fẹ́ lọ dà á sódò."

Ẹ̀ṣọ́ náà ronú díẹ̀. "Ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n ní ká gbà. Ẹ máa lọ, Màmá."

Pásítọ̀ ti Ayétòrò wá. Odò náà kò jìn, Fẹ́mi kò purọ́. A ń kọrin létí omi, Alhaji Ràímì sì dúró lábẹ́ igi kan, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Ìyá Múfú gbé ìró gbígbẹ lé apá, ó dúró nínú híjáàbù rẹ̀ ní etí omi bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Bí Pásítọ̀ ṣe di orogún rẹ̀ mú báyìí, ó figbe ta: "Ẹ rọra o! Eékún ọ̀tún ń dùn ún!" Pásítọ̀ pààrọ̀ ọwọ́.

Màmá wọlé, ó jáde. Ó fẹ́ omi nù lẹ́nu. Gbogbo wa ń retí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò sọ. Ó ní, "Omi yìí mà tutù o. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi."

Fẹ́mi pariwo láti ẹ̀yìn: "Mo sọ fún yín, mà!"

Ìyá Múfú ti wọ inú omi dé kókósẹ̀, ó ti fi ìró bò ó, ó ń nu orí rẹ̀, ó ń bá a wí pé ó ti sọ gèlè nù.

Mo kúrò láàrin àwọn tó ń kọrin, mo lọ jókòó lórí gbòǹgbò igi kan. Mo fẹ́ gbàdúrà. Ẹ mọ àdúrà mi, ó gùn, ó sì létò. Lọ́jọ́ náà mo ní, "Olúwa," ọ̀rọ̀ kò sì tẹ̀ lé e. Mo jókòó bẹ́ẹ̀. Omi ń lọ. Mo kíyè sí i pé n kò tíì fún Ọlọ́run láyè láti parí gbólóhùn kan rí láti ìgbà tí mo ti gbà á gbọ́. N kò gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀run, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n n kò kánjú dìde. Ọkàn mi rọ̀, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀.

Ní àwọn ọjọ́ tó kù, mo ní kí arábìnrin tó rí ewúrẹ́ máa darí ẹ̀kọ́, èmi jókòó láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ́ ohun púpọ̀. Alhaji náà kọ́ mi ní ọ̀kan: ó ní bí mo bá ń fetí sílẹ̀, ojú mi máa ń dà bí ti ẹni tí ehín ń dùn, kí n tú ojú ká díẹ̀.

ỌKỌ̀ ÌLARÒÓ

Ọ̀nà Ìlaròó ni mo gbà padà. Ìyá oníṣòwò kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Kí a tó jáde nínú ìlú, ó ti bẹ̀rẹ̀: ọjà rẹ̀ tó há sí bọ́dà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ fẹ́ sójà, ilé tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́. Níbi tí kò bá yé mi, mo ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀, mà?" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé Abẹ́òkúta. Nígbà tó fẹ́ sọ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá," ó ní, "irú yín ṣọ̀wọ́n. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Ìyàwó yín á mà ń gbádùn o."

Nígbà tí mo délé, tí mo ti wẹ̀, tí mo ti jẹ iyán, mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá yìí fún Ìyá Tósìn, ìyàwó mi. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ó gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Bàbá Tósìn," ó ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo jókòó.